Lẹ́tà Ọjọ́ Ajé, Àjà Ọjọ́rú: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Oníwúrà Ilẹ̀ Bahia

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025, ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bahia, Brazil, ń ṣọdún Yemọja. Etíkun Rio Vermelho ni wọ́n ti máa ń ṣe é lọ́dọọdún. Èrò á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn á kó òdòdó, lọ́fínńdà àti díńgí sínú agbọ̀n, àwọn apẹja á sì gbé e lọ sójú òkun fún ìyá ẹlẹ́ja. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco lókè ìlú, ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin ẹgbẹ́ Fransisi Mímọ́, kọ lẹ́tà sí IPHAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé Brazil. Ohun tó sọ kò pọ̀. Ó ní àjà ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fẹ̀ kúrò bó ṣe wà, kí wọ́n jọ̀ọ́ rán àwọn onímọ̀ wá wò ó. Àjọ náà gbọ́, wọ́n fi ìbẹ̀wò sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù.

Àjà náà kò dúró de Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ó já lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin arìnrìn-àjò kan, ẹni ọdún 26, tó wá láti ìpínlẹ̀ São Paulo, kú síbẹ̀. Ènìyàn márùn-ún mìíràn fara pa. Wọn kò wá gbọ́ Mísà o. Wọ́n wá wo ẹwà ni, bí ọgọ́ọ̀rọ̀ àlejò ṣe ń wá wò ó lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló dúró lórí ọjọ́ méjì tó wà láàárín lẹ́tà àti ìjábọ́ àjà. Mo gbà pé ọjọ́ méjì yẹn dunni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lóye bí ilé tí gbogbo ayé ń yìn ṣe lè wà láìsí ẹni tó lè gun àkàbà lọ wo òkè rẹ̀, ẹ ní láti mọ irú ilé tó jẹ́, àwọn tó kọ́ ọ, àti òfin tó so ó mọ́lẹ̀.

Ilé tí àjà náà bò

Ẹni tó bá dúró ní Largo do Cruzeiro de São Francisco, ìta gbangba tí wọ́n ri àgbélébùú òkúta mọ́ láàárín, kò ní fura sí ohun tó ń dúró dè é nínú. Iwájú ilé náà kò pariwo. Ilé agogo méjì ló wà lọ́tùn-ún lósì, òkúta ló wà ní igun ilé àti lẹ́nu ọ̀nà, ní ṣóńṣó òkè àárín sì ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ìwo àgbò. Ó lẹ́wà níwọ̀nba. Ṣọ́ọ̀ṣì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe fadá ṣùgbọ́n tí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà Fransisi, ló láriwo ní tirẹ̀: gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ òkúta gbígbẹ́ láti òkè délẹ̀, iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1700. Wọ́n fi pílásítà bo ọnà yẹn mọ́lẹ̀ nígbà kan, ìran tó tẹ̀ lé e kò sì mọ̀ pé ohunkóhun wà lábẹ́ rẹ̀, àfìgbà tí wọ́n ń fa wáyà iná mànàmáná ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939 tí pílásítà já, tí ère yọjú. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí wà, ògiri máa ń mọ ohun tí onílé kò mọ̀.

Bí ẹ bá wá wọ inú São Francisco, ojú yín á kọ́kọ́ fọ́. Wúrà ni ògiri, wúrà ni ọ̀pó, wúrà ni òkè ẹnu pẹpẹ. Àwọn ọ̀pó kan lọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ lọ́ aṣọ tó tutù, àjàrà sì gùn wọ́n pẹ̀lú èso àti ewé, àwọn ẹyẹ ń ṣá èso náà jẹ, àwọn áńgẹ́lì ọmọdé tó sanra ń yọ orí láàárín ewé. Ìgànná kékeré tó pààlà láàárín gbọ̀ngàn àti àwọn pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ jẹ́ igi jacaranda, dúdú, dídán, tí wọ́n yí bí ẹsẹ̀ àga. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ń rìn láti wúrà dé igi dúdú, títí yóò fi dé àwọn táìsì aláwọ̀ búlúù àti funfun níbi pẹpẹ àgbà, tó ń sọ ìtàn ayé Fransisi. Lisbon ni wọ́n ti yan táìsì wọ̀nyẹn. Orúkọ Bartolomeu Antunes de Jesus àti ọdún 1737 wà lára wọn.

Àjà gbọ̀ngàn àárín, èyí tó já, kì í ṣe pákó tí wọ́n kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n pín in sí ojú-ojú, àwọn kan bí ìràwọ̀, àwọn kan onígun mẹ́fà, àwọn kan onígun mẹ́jọ. Etí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò, inú rẹ̀ sì ni àwòrán wà, púpọ̀ nínú wọn nípa Màríà Wúńdíá. Wọ́n ka àwòrán náà sí iṣẹ́ arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, Jerônimo da Graça, láàárín ọdún 1730 sí 1740. Ó ti lé ní ọdún 280 tí igi náà ti wà lókè nígbà tó wó.

Irú àjà báyìí kì í jókòó lórí ògiri bí ọmọrí ìkòkò. Rírọ̀ ló rọ̀. Àwọn igi ńlá tó gbé òrùlé dúró ni wọ́n fi igi kéékèèké àti ìṣó so ó mọ́. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń wo ẹwà, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ẹwà náà dúró wà lẹ́yìn, nínú òkùnkùn láàárín àjà àti òrùlé. Ibẹ̀ ni òjò máa ń jo sí tí amọ̀ tí wọ́n fi bo òrùlé bá yẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣó ti ń dípẹtà nítorí atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń bọ̀ láti òkun, ibẹ̀ náà ni ikán ti ń jẹun ní àlàáfíà. Ikán kì í jẹ wúrà. Á jẹ igi inú rẹ̀ tán, á fi ìta sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ tí ìka rẹ̀ wọlé ṣùrù mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn afinimọ̀nà máa ń ka ìwọ̀n wúrà inú ilé náà fún àlejò ní kìlógíráàmù, kò sì sí méjì nínú wọn tí iye wọn bára mu. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ló yẹ kí wọ́n sọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ igi tán. Wọn á fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran kùn ún, ìpele lórí ìpele, títí ara igi á fi jọ̀lọ̀. Wọn á fi amọ̀ pupa kíkúnná tẹ̀ lé e, nítorí pupa abẹ́ ló ń mú wúrà orí gbóná lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ wúrà tí wọ́n ti lù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé èémí lásán lè gbé e lọ, wọn á wá fi òkúta dídán ra á títí á fi máa kọ mànà. Wúrà díẹ̀ ló ń bo igi púpọ̀. Ìdí nìyí tí ilé kan fi lè rí bí àpò ọba láìjẹ́ pé wọ́n kó àpò ọba síbẹ̀.

Tálákà Assisi nínú wúrà Minas

Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ Salvador dó, òun sì ni olú ìlú Brazil títí di ọdún 1763. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fransisi dé ní ọdún 1587. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan. Nígbà tí àwọn ará Holland gba ìlú náà lọ́dún 1624, tí wọn kò sì kúrò títí di ọdún kejì rẹ̀, ilé náà jìyà. Nígbà tó yá, ìlú lówó, ilé àkọ́kọ́ kò sì tó wọn mọ́. Ní ọdún 1686 wọ́n bẹ̀rẹ̀ kọ́ńfẹ́ǹtì tuntun, ìyẹn ilé ńlá tí àwọn arákùnrin náà ń gbé, tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n ti ń kàwé. Ọdún 1708 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, wọ́n sì ń lò ó ní ọdún 1713, ṣùgbọ́n ọnà inú rẹ̀ kò parí títí ó fi kọjá ìdajì ọ̀rúndún náà. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ lè ti ní ọmọ-ọmọ kí ó tó rí i pé wọ́n kó àkàbà kúrò.

Owó wo ni? Ìrèké ni àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Recôncavo tó yí ẹnu òkun Salvador ká kún fún oko ìrèké àti ilé ìfúnpọ ṣúgà. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n rí wúrà ní ibi tí a ń pè ní Minas Gerais lónìí. Àwọn olówó ń ra àyè sin òkú wọn sábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dáwó fún pẹpẹ ẹ̀gbẹ́, kí fadá lè máa ka Mísà fún ọkàn wọn.

Fransisi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé yìí, ọmọ oníṣòwò aṣọ ni ní ìlú Assisi, Ítálì. Níwájú bíṣọ́ọ̀bù ìlú rẹ̀, ó bọ́ aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ogún mọ́. Ó kọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ kan owó. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n gbé ère rẹ̀ sí. Àwọn arákùnrin náà ní ìdáhùn tiwọn: tálákà ni arákùnrin, Ọlọ́run kọ́ ni tálákà, ohun tó bá dára jù ni kí a fi ṣe ilé Rẹ̀. Mo gbọ́ ìdáhùn náà. Kò yé mi tán.

Ọnà tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ń pè ní Baroque. Ìjọ Àgùdà fọwọ́ mú un gan-an lẹ́yìn ìpàdé àgbà tí wọ́n ṣe ní Trent láàárín 1545 sí 1563, nígbà tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń kó ère jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Àgùdà ní rárá, ère dúró, àwòrán dúró, kí ẹni tí kò mọ̀wé rí ọ̀run kí ó tó kú. Baroque kì í fẹ́ kí èèyàn dúró rò ó. Ó fẹ́ kó gbá a láyà mú, bí ìgbà tí gángan bá kọlù èèyàn lójijì lójú agbo. Kò sí àyè òfìfo kan lára ògiri São Francisco, ọgbọ́n sì ni: ojú tí kò ríbi sinmi kò ní ráyè jiyàn.

Àwọn wo ló fọwọ́ ṣiṣẹ́? Àwọn ọ̀gá kan wà tí orúkọ wọn hàn. Manoel Quaresma ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ìkọ́lé náà. Manoel Inácio da Costa, ọmọ Bahia, ló gbẹ́ ère Pedro Mímọ́ ti Alcântara, àgbàlagbà tí àwẹ̀ ti gbẹ dé egungun, èyí tí èmi kà sí ère tó dára jù nínú gbogbo ilé náà, bóyá torí pé kò ní wúrà púpọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa òkúta, tó la igi, tó po ẹfun, ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ tí wọ́n bí sóko ẹrú. Àwọn afinimọ̀nà ní ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ràn: pé àwọn ẹrú mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ áńgẹ́lì tí ojú wọn kò gún, láti fi bú ọ̀gá wọn. Ìtàn náà dùn. Èmi kò gbà á ní irọ̀rùn bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí àlejò rẹ́rìn-ín kí ó sì gbàgbé ẹgba tí wọ́n ń na ẹrú ní òpó ìnànìyàn tó sọ àdúgbò náà ní Pelourinho.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò jìn rárá, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń bọ̀wọ̀ fún Ìyá Wa ti Ròsárì gba ilẹ̀ ní ọdún 1704, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, Rosário dos Pretos. Àsìkò kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Rosário ń ṣe tiwọn lẹ́yìn tí iṣẹ́ ọ̀gá bá tán, lálẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọwọ́ kan náà ló kọ́ méjèèjì, ó kàn jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n kọ́ fúnra wọn.

Kí n má gbàgbé àgbàlá kọ́ńfẹ́ǹtì. Táìsì búlúù àti funfun ló yí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ká, àwòrán ńlá 37, tó ti Lisbon dé láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun ìyanu ni pé kì í ṣe ìtàn Bíbélì ló wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán tí Otto van Veen yà láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Horace, akéwì Róòmù tó kú kí wọ́n tó bí Jésù, ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀: ikú kò mọ olówó, àkókò ń sáré, owó ń sọ èèyàn dẹrú. Àwọn arákùnrin ń rìn yípo, wọ́n ń ka ìkìlọ̀ abọ̀rìṣà lórí owó, wọn á sì yà sínú ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà lọ gbàdúrà. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin ti ń bá táìsì wọ̀nyí jà láti ìgbà pípẹ́, ó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn ògiri.

Ta ló ni òòlù?

Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1937 ni Getúlio Vargas fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ogún ìṣẹ̀ǹbáyé Brazil, ogún ọjọ́ péré lẹ́yìn tó ti ilé aṣòfin pa. Òfin náà ṣì wà dòní. Ní ọdún 1938 wọ́n fi São Francisco sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1985, UNESCO fi gbogbo àárín gbùngbùn Salvador àtijọ́ kún ogún àgbáyé. Ní 2009, wọ́n dìbò yan ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ ohun ìyanu méje tí àwọn Potogí fi sílẹ̀ káàkiri ayé. Oyè lórí oyè.

Ẹ wo ohun tí òfin 1937 wí. Abala 17 ní onílé kò gbọdọ̀ wó ilé náà, kò gbọdọ̀ bà á jẹ́, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe, kùn ún, tàbí dá a padà sí bó ṣe wà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò san ìdajì iye ohun tó bàjẹ́. Abala 19 ní bí onílé kò bá ní owó àtúnṣe, kí ó sọ fún àjọ, kí àjọ wá mú un ṣe lówó ìjọba láàárín oṣù mẹ́fà. Ìpínrọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó ní bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, àjọ lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Lórí ìwé, ó dára bẹ́ẹ̀. Lójú ayé, onílé ló ni ilé ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ìṣó. Àjọ ló ni àṣẹ lórí ìṣó ṣùgbọ́n ó ní òun kọ́ ni onílé. Lẹ́yìn ìjábọ́ náà, ohun tí IPHAN sọ gan-an nìyẹn: pé ẹgbẹ́ Fransisi ló ni ilé, àwọn ló ni ìtọ́jú rẹ̀ lọ́rùn, àti pé lẹ́tà ọjọ́ Ajé gba ọ̀nà ìwé ojoojúmọ́ wọlé, kò wá bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Wọ́n tún sọ pé àdéhùn ti wà nílẹ̀ láti ya ètò àtúnṣe ilé náà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn arákùnrin, ọ̀rọ̀ kò ṣòro: a rí i, a kọ̀wé. Agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti gbé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé náà lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún tó ti pẹ́ ṣáájú èyí.

Kò sí ẹni tó parọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Bí ẹ bá ka ìwé gbogbo wọn, gbogbo wọn ló ṣe ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe. Àṣìṣe tó hàn sí mi kò sí nínú ọjọ́ tí wọ́n fi ìbẹ̀wò sí. Ìlẹ̀kùn ni. Bí àjà bá ń fẹ̀ kúrò níbi tó wà, tí ẹni tó mọ ilé náà dunjú sì bẹ̀rù débi tó fi kọ lẹ́tà, ohun tó kàn ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan má rìn lábẹ́ rẹ̀ títí onímọ̀ á fi dé. Òfin kankan kò ní kí onílé gba àṣẹ kó tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé àlejò wà lára ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń gbéra, oṣù kejì sì ni àsìkò tí àlejò pọ̀ jù, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Carnival. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tó gba lẹ́tà ní àjọ lè ti dáhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan: ẹ tì í ná. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀. Níbí, àárín ìwé onílé àti ìwé ìjọba ni ògiri ti lanu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè, tí àwa lè rí. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjábọ́ náà jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ọjọ́ São Francisco ní Salvador. Terça da Bênção ni wọ́n ń pè é, Ìṣẹ́gun Ìbùkún. Láti ayébáyé ni àwọn èèyàn ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́jọ́ yẹn nítorí Antoni Mímọ́, tí wọ́n ń gba ìbùkún, tí wọ́n ń pín búrẹ́dì fún tálákà. Nírọ̀lẹ́, ìlù á gba gbogbo òkè Pelourinho. Bákan náà, àwọn ọlọ́rìṣà Bahia máa ń ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ògún, Antoni Mímọ́ yìí kan náà ni wọ́n sì fi bo Ògún lójú nígbà tí wọn ò lè bọ ọ́ ní gbangba. Fransisi ńkọ́? Ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn so ó mọ́. Igi. Mi ò fi àmì kankan sí i, mo kàn ní kí ẹ gbọ́.

Èyí gbé mi dé ibi tí mo ti máa ń gbọ́ àsọdùn láàárín wa, pé Yorùbá ló kọ́ São Francisco. Ẹ má jẹ́ ká gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ igi wọ̀nyẹn, àwọn tí wọ́n kó wá láti Àǹgólà àti láti etíkun tí wọ́n ń pè ní Mina ló pọ̀ nínú ẹrú Bahia. Àwọn tiwa, Nàgó, ya dé rẹpẹtẹ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti nínú ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́ tí ogun gba ilẹ̀ wa. Wọ́n bá ilé náà níbẹ̀, ó ti parí. Wọ́n gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n rí ilé agogo méjì, wọ́n rí òkúta tó ká bí ìwo àgbò. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí Nàgó dìde ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, tí ìjọba sì ń lé èèyàn kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ padà sí etíkun wa pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́.

Ẹ lọ wo Porto-Novo. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ ibẹ̀ ní ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, láti orí ilé gogoro méjì dé ọnà àárín rẹ̀. Ẹ wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa kọ́. Popo Àgùdà nìyẹn, àdúgbò àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé, lára àwọn tí a ti rí orúkọ tí a ń pe gbogbo ìjọ náà títí dòní. Baroque tí ìjọ fi ń ja Pùròtẹ́sítáǹtì, ọmọ Nàgó fi kọ́ ilé ìkírun.

Kí a tó wá dá àwọn ará Brazil lẹ́jọ́, ẹ rántí Ilé Ìlójó tó wà ní Tinúbú, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà ló wó o. Ti Bahia, àìtètèṣe ló wó o. Tiwa, àwọn èèyàn dìde láàárọ̀, wọ́n wa ẹ̀rọ lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn eruku

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa. Ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó ń rí sí ewu ilé tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mìíràn ká, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àwọn kan lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì ní ọjọ́ Ajé ti wá di ohun tó rọrùn láti tì.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbé igi ró láti fi ti ohun tó kù lókè. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó gba sùúrù bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, láàárín àwọn àga gígùn tí pákó já lé. Wọn kò fi ṣọ́bìrì kó o dànù. Wọ́n ń ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: apá kan etí ìràwọ̀, igun kan tí wúrà ṣì wà lára rẹ̀, pákó tó ní díẹ̀ nínú aṣọ Màríà. Wọ́n ń to èyí tó bá jọra sọ́tọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò tún àjà náà so lọ́jọ́ kan lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti já wá.